Bí jíà ọ̀kadà bá há, ẹ má tíì tú ẹ́ńjìnì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín nítorí àwọn ọlọ́kadà tó ń náwó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Kí jíà kàn há díẹ̀, wọ́n á ní kí mẹkáníìkì já ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń gbé e lọ bá wẹ́dà pé kó jó irin ìtẹ̀jíà pọ̀ mọ́ ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó yọ síta lára ẹ́ńjìnì tí irin ìtẹ̀jíà wọ̀ mọ́. Iná wẹ́dà yẹn ló ń yọ́ rọ́bà ọ́ìlì síìlì tó ń dá ọ́ìlì dúró nídìí ṣáàfù, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú há tó há. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì ńlá, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ máa fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn bí ẹ ṣe ń tẹ jíà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà dúró jẹ́ẹ́, torí jíà lè kọ̀ láti wọlé láìní àìsàn kankan. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ báyìí, àmọ́ tó ń le bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Orí léfà kílọ́ọ̀ṣì yẹ kó rìn bíi mílímítà 10 sí 20 kó tó fa wáyà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún un. Bí wáyà bá ti ń já lẹ́yọ lẹ́yọ lórí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Ẹ wo ṣéènì náà: èyí tó bá le gan-an máa ń mú jíà le.

Bí ẹ bá tẹ irin ìtẹ̀jíà sílẹ̀ tí kò padà sáàárín, ìta ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ jù nìyí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń fojú fò. Ẹ fi pẹ́ńtì tàbí ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí ṣáàfù àti irin kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà. Ẹ fi sípánà 10 yọ bóòtù tó fún irin náà. Ẹ yọ ọ́ tán pátápátá o! Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, bóòtù yẹn kọjá nínú kòtò tó wà lára ṣáàfù, ẹni tó kàn tú u díẹ̀ tó wá ń fi òòlù gbá irin jáde á ba eyín ṣáàfù jẹ́. Ẹ ṣí ìdérí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ìyẹn àgbá eléyín tí ṣéènì kọ́ lẹ́bàá ẹ́ńjìnì. Ẹ ó rí yanrìn àti gírísì ṣéènì tó ti dì gírígírí yí ìdí ṣáàfù ká. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i.

Kí ẹ tó dá irin padà, ẹ fọwọ́ yí orí ṣáàfù díẹ̀díẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún sósì, ó ti tẹ̀, bóyá nígbà tí ọ̀kadà ṣubú, tàbí torí gìgísẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá jíà lójoojúmọ́. Ẹ má fi òòlù tọ́ ọ sójú rẹ̀ níbẹ̀, torí ara ẹ́ńjìnì lè sán. Tuntun ni kí ẹ rà. Irin ìtẹ̀jíà náà lè tẹ̀ kó máa ha ara ẹ́ńjìnì tàbí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ẹ tọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò.

Bí gbogbo èyí bá dára tó ṣì ń há, ẹ tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú abọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa, apá ọ̀tún, nínú ìdérí ẹ́ńjìnì, lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì, ni sípíríǹgì tó ń dá irin ìtẹ̀jíà padà sáàárín wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ há bóòtù kékeré kan sáàárín. Bí bóòtù yẹn bá tú, jíà lè máa lọ síwájú kó má padà sẹ́yìn. Ẹ fún un, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bóòtù tú díẹ̀ sí i bí ẹ bá ní in. Sípíríǹgì tó bá ṣẹ́, ẹ pààrọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí abẹ́ ìdérí náà bí ẹ bá ń dé e. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ JASO MA (àmì ọ́ìlì tó yẹ ọ̀kadà tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì) sára agolo rẹ̀ ni kí ẹ bù sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ 100 cc ń gbà tó lítà kan. Àwọn ọ́ìlì kan tí wọ́n ṣe fún mọ́tò lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

Ẹ sẹ́ ọ́ìlì àtijọ́ yẹn gba inú aṣọ funfun. Bí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán bá pọ̀ nínú aṣọ, ìgbà yẹn ni ẹ lè gbà kí mẹkáníìkì já ẹ́ńjìnì, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fọ́ọ̀kì jíà (irin tó ń sún jíà) tàbí eyín jíà fúnra rẹ̀ ti jẹ.

Àwa ni tiyín,
Àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà, Ìbàdàn