Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi nípa W. Edwards Deming

Ìbàdàn.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó, mo sì kí àwọn ọmọ. Inú mi dùn gidigidi pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe alábòójútó ní ilé-iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ohun tí o kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí àṣìṣe wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, tí o sì fẹ́ fún ní kúẹ́rì, ló mú mi rántí W. Edwards Deming, nítorí pé lójú tèmi, kò sí ẹni tó rí ìdí ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jù ú lọ.

Ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1900, iṣẹ́ ìṣirò ló sì yàn láàyò. Ní ọdún 1950, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti run ilé-iṣẹ́ Japan, tí àwọn ará òkèèrè sì ka ọjà wọn sí gbàrọgùdù, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà ibẹ̀ pè é wá láti kọ́ wọn. Kò gba owó tó wọlé lórí ìwé tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe. Owó yẹn ni wọ́n fi dá ẹ̀bùn Deming, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń mú kí iṣẹ́ dára sí, sílẹ̀ ní ọdún 1951. Ó tó ọdún 1980, tí tẹlifíṣọ̀n NBC gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, kí àwọn ará Amẹ́ríkà, ìlú rẹ̀, tó mọ iyì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Deming a gbé àpótí ìlẹ̀kẹ̀ kan síwájú àwọn tó wá gbọ́ ọ, funfun ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ pupa. Yóò pe àwọn kan jáde láti fi pátákó oníhò 50 bu ìlẹ̀kẹ̀, yóò sì kìlọ̀ fún wọn pé funfun nìkan ni oníbàárà ń fẹ́. Ẹni tí pupa tirẹ̀ kéré, a yìn ín. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, a bá a wí níwájú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n bá tún bù ú, ẹni tí a yìn lánàá lè di ẹni ìbáwí. Kò sí èyí tó ṣọ̀lẹ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó gbọ́n ju ẹnìkejì lọ. Ọ̀gá ló kó pupa sínú àpótí, òun nìkan ló sì lè kó o kúrò. Ìdí nìyí tí ó fi tako àṣà kí a máa to òṣìṣẹ́ ní ipò kìíní dé ìkẹyìn lọ́dọọdún, tí ó sì ní kí àwọn ọ̀gá lé ìbẹ̀rù kúrò níbi iṣẹ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rù ń bà yóò fi àbùkù pamọ́.

Mo mọ̀ pé o lè sọ pé ọ̀lẹ wà láyé. Deming kò sẹ́ ẹ. Lọ́dọ̀ Walter Shewhart, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi àtẹ ìṣirò ya àṣìṣe tó ń ti inú ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ní ìdí pàtó, èyí sì ni mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe kí o tó kọ kúẹ́rì kankan. Ka àṣìṣe gbogbo wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí o wo ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì ń lò àti irú ohun èlò tí wọ́n ń kó fún wọn, kí o sì bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́tù ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Fi iye tí o bá kà ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.