Ẹ̀sùn lórí àwòrán àti ẹ̀dà ìkarahun kòkòrò HIV tí ẹ tà fún ilé-ìwé wa

Òpópónà Ọba Adésidà,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 13, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín o. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ìwé girama kan nílùú Àkúrẹ́. Lóṣù tó kọjá la ra àwòrán ara ògiri kan àti ẹ̀dà oníke kan lọ́wọ́ yín, láti fi kọ́ àwọn ọmọ SS2 bí kòkòrò HIV ṣe ń to ara rẹ̀. ₦68,000 la san, àwọn òbí ló sì dá owó náà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́.

Lára páálí ẹ̀dà náà, ẹ kọ ọ́ pé ègé onígun mẹ́fà 80 àti onígun márùn-ún 12 ló wà nínú rẹ̀. Téèpù rẹ̀ kò tíì já nígbà tí mo gbà á ní gáréèjì. Èmi àti àwọn ọmọ méjì kà á lórí tábìlì láàbù, ẹ̀ẹ̀mẹta. Onígun mẹ́fà pé. Onígun márùn-ún jẹ́ mẹ́sàn-án péré. Nígbà tí mo pè yín, ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, mẹ́ta péré ló dín, ẹ fi onígun mẹ́fà dí àyè wọn." N kò bínú sí i, kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Onígun mẹ́fà nìkan kò lè di ìkarahun láé. Ẹ to ogójì rẹ̀ pọ̀, pẹrẹsẹ ni yóò sùn sórí tábìlì bí afárá oyin. Onígun márùn-ún ló ń mú un tẹ̀, 12 gééré ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ tó pa dé. Ọmọ kan sáré lọ gbé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àti funfun wá, a ka dúdú ara rẹ̀: 12. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkòrò yìí, àfi pé ìkarahun tirẹ̀ kò rí roboto. Òkòtó ló jọ. Nǹkan bí onígun mẹ́fà 250 ló wà lára ojúlówó rẹ̀. Onígun márùn-ún méje wà nídìí tó fẹ̀, márùn-ún wà ní ṣóńṣó. A fi méje sí ìdí tiyín, ó ku méjì. Ẹnu ṣóńṣó náà là sílẹ̀ gbàgà, bírò mi wọ ibẹ̀ lọ sínú.

Àwòrán ló dùn mí jù, nítorí ègé tó dín ṣe é fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ òdì tó bá ti wọ orí ọmọ, yíyọ rẹ̀ ṣòro. Nínú àpótí kejì, ẹ ya òkòtó tó ti pé pérépéré nínú sẹ́ẹ̀lì, kí kòkòrò náà tó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gag ni sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ń ṣe, purotéènì gígùn kan tí àwọn purotéènì kéékèèké so mọ́ra lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Àwọn Gag wọ̀nyí, tó lé ní 2,000, á tò sábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, wọn á kọrí sí awọ, wọn á na ìrù sí àárín, wọn á sì máa ti awọ náà síta títí yóò fi já bọ́ bíi bọ́ọ̀lù. Èyí tó já bọ́ yìí kò tíì gbó, kò sì tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńsáìmù prótíèèsì tó wà nínú rẹ̀ ló ń gé Gag sí wẹ́wẹ́. Ìgbà náà ni purotéènì ìkarahun, tí wọ́n ń pè ní CA, á bọ́ lára okùn, tí nǹkan bí 1,500 nínú wọn á tún ara wọn tò ní mẹ́fà-mẹ́fà àti márùn-ún-márùn-ún (àwọn ègé onígun nìyẹn), wọn á di òkòtó yí RNA, ìyẹn ohun tó gbé àbùdá kòkòrò náà, ká. Bọ́ọ̀lù ló ń ṣáájú. Nínú tiyín, òkòtó ló ṣáájú, prótíèèsì sì wà lóde, kò gé nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni oògùn ti ń bá kòkòrò náà jà. Láti 1995 ni oògùn tó ń dí ẹnu prótíèèsì ti wà: kòkòrò á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í gbó. Oògùn mìíràn, lenacapavir, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àárín CA kan sí èkejì ló ń há sí. Èsì ìdánwò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin ní South Africa àti Uganda jáde ní 2024. Nínú 2,134 tó gba abẹ́rẹ́ náà, ẹyọ ẹnì kan kò kó àrùn yìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi àwòrán yín ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ?

(Ẹ ò tilẹ̀ fi èròjà tó ń jẹ́ IP6 sí i. N kò kà á sí ẹ̀sùn, àmọ́ ì bá dùn mọ́ àwọn ọmọ wa pé èròjà tó pọ̀ nínú hóró àgbàdo àti ẹ̀wà, tí sẹ́ẹ̀lì wa náà ń ṣe fúnra rẹ̀, ni kòkòrò náà ń jí lò láti fi di àwọn ègé onígun mẹ́fà rẹ̀ mú.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi onígun márùn-ún mẹ́ta ránṣẹ́, ẹ tún àwòrán náà yà, kí ẹ sì pààrọ̀ tiwa láìgba kọ́bọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ilé-ìwé mìíràn tó ti rà á pẹ̀lú. Bí kò bá ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dá owó wa padà, èmi yóò sì fi ẹrù yín ránṣẹ́ láti gáréèjì. Risíìtì àti fọ́tò wà nínú lẹ́tà yìí. Mo ti yí ojú àwòrán náà sí ògiri, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kọkànlá la máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, SS2