Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ọmọ dáńdá yín fi pẹ́

Ẹ ọ̀kún o, gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kàbà, Ìyàrá, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀.

Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti san àsansílẹ̀ fún ọmọ dáńdá etí odò, ewéko kéékèèké tí à ń tọ́ kí ẹ lè lọ gbìn ín, títí di ìsinsìnyí, ẹ ò tíì rí i gbà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ní adágún ẹja bi mí lórí fóònù pé, "Ṣebí koríko ni? Ṣé koríko ló ń gba oṣù mẹ́rin?" Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn, kí n sì dá gbogbo yín lóhùn.

Dáńdá jọ koríko lóòótọ́, àmọ́ òun, làbẹ́làbẹ́ àti ọ̀fíò tí à ń jẹ ló jọ jẹ́ ẹbí kan. Ẹ já ọ̀kan lára wọn, kí ẹ yí igi rẹ̀ láàárín ìka méjì; ọ̀pọ̀ nínú wọn, igun mẹ́ta lẹ ó bá. Ọ̀fíò kò ṣòro gbìn, torí hóró abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ náà là ń rì mọ́lẹ̀. Dáńdá oko tó ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu náà, hóró abẹ́ ilẹ̀ ló fi ń tàn kálẹ̀, a kì í sì í tà á. Èyí tí ẹ ní kí n bá yín gbìn, láti orí irúgbìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Irúgbìn yìí kéré gan-an. Bí mo bá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, bí ata gígún ló rí, èémí lásán sì lè gbé e lọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti wáyé. Ọmọ tuntun kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi iyẹ̀pẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Irúgbìn dáńdá ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. A retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹyọ kan kò yọjú. Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni.

A ti tún un gbìn. A kọ́kọ́ yan iyẹ̀pẹ̀ nínú agbada kí irúgbìn èpò inú rẹ̀ lè kú, nítorí bí dáńdá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, bí òwú tín-ín-rín ló rí, ẹni tó bá sì fẹ́ tu èpò kúrò láàárín rẹ̀ yóò fa dáńdá tu mọ́ ọn. A wọ́n irúgbìn sójú iyẹ̀pẹ̀, a fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí. A kì í bu omi lé e lórí, torí omi á gbá a lọ. Inú ọpọ́n omi la gbé àwo rẹ̀ sí, kí iyẹ̀pẹ̀ máa fa omi látìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo rí ewé àkọ́kọ́.

Àwọn kan ní kí n kúkú lọ hú u létí odò Ọ̀yì, kí n pín in fún yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mi ò ní ṣe é. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di bèbè odò mú. Bí a bá hú u tán, àgbàrá ọdún tó ń bọ̀ yóò jẹ ilẹ̀ oko ẹni ẹlẹ́ni. Láti rí irúgbìn, orí rẹ̀ nìkan la máa ń gé, lẹ́yìn òjò, nígbà tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí irúgbìn sì ń jábọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Inú ilé la ti ń sá a, nínú ìwé la sì ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Tí òjò bá ṣì ń rọ̀ dáadáa nígbà tí àwọn ọmọ dáńdá bá ga tó ìka kan, a ó pè yín. Ibi tí omi ti rin ilẹ̀ ni kí ẹ gbìn wọ́n sí, ẹ má jẹ́ kí omi bo orí wọn ní oṣù àkọ́kọ́. Iye tí a dá kò yí padà. Ẹni tí kò bá lè dúró mọ́, kó pè mí, mo ti ya owó yín sọ́tọ̀.