Kí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù má baà kó ìwé Alfa Rédíò lọ

Olóòtú,

Ẹ ṣeun tí ẹ fi àyè gba ìkéde ikú olùkọ́ wa nínú ìwé ìròyìn yín. Àwọn ẹbí ló kọ ọ́, wọ́n sì gbìyànjú: wọ́n ka ọmọ, wọ́n ka ọmọ-ọmọ, wọ́n ní kì í pa ìrun jẹ, wọ́n ní ó ti lọ sí Mẹ́kà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fún un níbí ní Ìlọrin, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá yìí fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, gbólóhùn kan péré ló kàn nínú ìkéde náà, pé “ó tún máa ń tún rédíò ṣe.” Gbólóhùn yẹn ló mú mi gbé bírò.

Alfa Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe kéú ló fi ń kọ́ni. Olùkọ́ ẹ̀rọ iná ni, ní ilé-ìwé girama. Ẹni tó bá ti wà ní ilé-ìwé ní àwọn ọdún 1980 yóò rántí Intro Tech, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, wọ́n kó irinṣẹ́ wá láti òkè òkun fún àwọn ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò ní iná, òmíràn kò ní olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ni irinṣẹ́ bá wà nínú àpótí rẹ̀ títí ikán fi jẹ pákó ara rẹ̀. Ní tiwa, Alfa fúnra rẹ̀ ló mú òòlù já àpótí. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó dúró de lẹ́tà àṣẹ. Lẹ́tà kò dé, àwa sì ti ń lo mítà tí a fi ń wọn iná.

Àwọ̀ ara rẹsísítọ̀, nǹkan kékeré tó ń dí iná lọ́nà, la kọ́kọ́ kọ́: àwọ̀ ló ń sọ iye ọ́ọ̀mù tó fi ń dí i. Gbogbo kíláàsì á máa ké e sókè bí ọmọ ilé-kéú ṣe ń ka wàláà: dúdú òdo, búráùn oókan, pupa eéjì, ọsàn ẹẹ́ta, yẹ́lò ẹẹ́rin, àwọ̀ ewé aárùn-ún, búlúù ẹẹ́fà, pọ́pù eéje, eérú ẹẹ́jọ, funfun ẹẹ́sàn-án. Títí di òní, bí mo bá rí yẹ́lò, pọ́pù, pupa lára rẹsísítọ̀, ẹnu mi á ti pe 4,700 kí ojú mi tó wò ó tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan rédíò tí kì í lo bátìrì. Waya gígùn kan láti orí òrùlé kíláàsì dé orí igi máńgòrò, páìpù irin tí a rì mọ́ ilẹ̀ tútù lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, waya tí a wé mọ́ igi, kapásítọ̀ olóyìípo tí a fi ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò, tí a tú lára rédíò Sanyo tó ti kú, dáyóòdù jamáníọ̀mù kan tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, àti íápíìsì. Ó parí. Radio Kwara wọlé lórí 612 kHz, a ń jà du íápíìsì. Alfa ní ìgbì tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń rán jáde gùn tó nǹkan bíi mítà 490, pé agbára tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa náà ló ń mi íápíìsì, kò sí òmíràn. Ó ní ìdí tí òun kò fi lo dáyóòdù sílíkọ́ọ̀nù ni pé sílíkọ́ọ̀nù ń fẹ́ tó 0.6 fólìtì kó tó la ọ̀nà fún iná, ṣùgbọ́n jamáníọ̀mù kì í béèrè ju 0.2 tàbí 0.3 lọ. Ohun tí waya orí máńgòrò ń mú wá kò tó nǹkan, èyí tí kì í béèrè púpọ̀ ló yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n Olóòtú, orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n tó jó fíyúùsì wá fún àwọn oníṣẹ́ kan, wọ́n á ki fíyúùsì tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n á tan án, ó di gbàù! Fíyúùsì kejì ti lọ, tirańsísítọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà ti bá a lọ, oní-nǹkan ni yóò sì san gbogbo rẹ̀. Alfa ní họ́dà kan tó kàn mọ́ pákó, gúlóòbù olówáyà 100 wáàtì ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ́ sójú iná tààrà. Iná gbọ́dọ̀ gba inú gúlóòbù yẹn kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ. Bí gúlóòbù bá tàn rekete tí kò rẹlẹ̀, a jẹ́ pé ṣọ́ọ̀tì, níbi tí iná ti gba ọ̀nà àbùjá, ṣì wà níbẹ̀. Gúlóòbù ti gba ìyà náà jẹ, nǹkan kan kò sì jó. Bí ó bá bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan tó sì di bàìbàì, kapásítọ̀ ńlá inú ẹ̀rọ, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́, ló mu iná yó yẹn, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ohun tó fà á ni pé waya inú gúlóòbù kì í dí iná lọ́nà púpọ̀ nígbà tó bá tutù, ṣùgbọ́n bó bá gbóná, ìdíwọ́ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gúlóòbù LED tí a ń tà lóde báyìí kò lè ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀.

Iná ilé wa, 230 fólìtì ni wọ́n ń pè é. Bí dáyóòdù mẹ́rin bá yí i padà tí kapásítọ̀ sì gbà á, ó ń lé ní 320, kapásítọ̀ yẹn kò sì mọ̀ pé ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Alfa á fi rẹsísítọ̀ ńlá kan tú iná inú rẹ̀ sílẹ̀, á fi mítà wò ó bóyá ó tán lóòótọ́, kó tó gbà kí ọmọ kankan nawọ́. Níbi tó bá di dandan kó wọn nǹkan nígbà tí iná wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń lò; ọwọ́ òsì á wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé tó gba ọwọ́ kejì jáde, àyà ló là kọjá. Nínú gbogbo àwa tí a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, n kò tíì gbọ́ ẹni tí iná gbé. Bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ìkéde yẹn, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

N kò ní pè é ní èèyàn ìrọ̀rùn o. Ẹ lè yá owó lọ́wọ́ Alfa, ẹ kò lè yá mítà elábẹ́rẹ́ rẹ̀ láéláé. Bí ẹnì kan bá sì sọ níwájú rẹ̀ pé “bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn,” ojú rẹ̀ á pọ́n. Alhaja sọ fún wa níbi àdúà pé láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé rẹ̀, òun kò ní rédíò tó ní ìdérí lẹ́yìn rí. A rẹ́rìn-ín débi pé àwọn alfa tó ń ṣe wáàsí yíjú wò wá.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, rédíò òru ló kù tó gbádùn. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń jẹ́ kí ìpele kan nísàlẹ̀ òfurufú gbé ìgbì mídíọ̀mù wéèfù mì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìpele náà á tú ká, ìgbì á ráyè lọ lu èyí tó wà lókè, á sì padà sọ̀ sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Bí bàbá ṣe ń jókòó sí Ìlọrin gbọ́ ará orílẹ̀-èdè Niger àti ará orílẹ̀-èdè Benin nìyẹn, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, wákàtí àti ojú ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ìwé tó ń kọ ọ́ sí náà ló kọ àrùn gbogbo ẹ̀rọ tó tún ṣe sí: ohun tí oní-nǹkan wí, ohun tí mítà wí, ohun tó wá jẹ́ gan-an. Mo ṣí ojú-ewé kan. Tẹlifíṣọ̀n. Oní-nǹkan ní “kò tàn rárá, bọ́ọ̀dù ti lọ.” Mítà ní 322 fólìtì wà lórí kapásítọ̀ ńlá, iná dé ibẹ̀ nìyẹn. Rẹsísítọ̀ tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun ló ti já nínú: pupa, pupa, yẹ́lò. 220,000 ọ́ọ̀mù. Nǹkan kékeré tí kò tó ìka ọmọdé gùn, wọ́n ti fẹ́ torí rẹ̀ ra bọ́ọ̀dù odidi.

Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri ti wá wo ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní àwọn á fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Bàbà inú tirańsífọ́mà ni wọ́n ń wò. N kò bá àwọn ọmọ jà, Èkó àti òkè òkun ni wọ́n wà, kò sì sẹ́ni tó máa sanwó ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí irinṣẹ́ lọ sí ilé-ìwé tí olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó máa lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ tó bá dé, kó má tún wọ inú àpótí. Kí ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì náà wá, ká pín àwọn ìwé rẹ̀ láàárín ara wa, ká fi fóònù ya gbogbo ojú-ewé rẹ̀.

Bí àyè bá sì wà lójú ìwé yín, Olóòtú, ẹ jẹ́ ká máa tẹ àrùn ẹ̀rọ kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí bàbá ṣe kọ ọ́. Alhaja ti fọwọ́ sí i. Ibi kan ṣoṣo tó ní kí a fò ni ẹ̀yìn ìwé, níbi tí Alfa kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ kà á fúnra òun.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀,
Tankẹ́, Ìlọrin.