Sùúrù Lincoln

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn, kò ní sùúrù fáwọn ọ̀gágun rẹ̀ ti gbàgbé George McClellan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1861, Lincoln lọ kí i nílé, kò bá a, ó sì jókòó dè é. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó kọjá níwájú yàrá tí àlejò wà, ó gòkè lọ sùn! Ààrẹ Amẹ́ríkà o, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí ọdún kan ni Lincoln tún fi rọ́jú kó tó gba ẹgbẹ́ ọmọ ogun Potomac lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò yára lé Lee, ọ̀gágun àwọn ará Gúúsù tó ń bá ìjọba Lincoln jà, lẹ́yìn ìjà Antietam.

Ti George Meade, ọ̀gágun Lincoln mìíràn, ló tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Lẹ́yìn ìjà Gettysburg lọ́dún 1863, Lincoln fìbínú kọ lẹ́tà sí i pé ó jẹ́ kí Lee sá lọ. Kò bu ọwọ́ lù ú, kò sì fi ránṣẹ́.

Ọdún 1864 ló tó fa gbogbo ogun lé ọ̀gágun Ulysses Grant lọ́wọ́. McClellan ńkọ́? Lọ́dún náà gan-an ló bá Lincoln du ipò ààrẹ, ó sì fìdí rẹmi.

Èmi ni òǹkàwé yín.