Ìdíje Àwọn Olùdarí Fíìmù: Iṣẹ́ Wọn Ni Kí Tẹlifíṣọ̀n Fi Hàn Wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré àti fíìmù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di olùdarí fíìmù ti ń béèrè ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa fi ń ṣe ìdíje fún akọrin, fún oníjó, fún aláwàdà àti fún òṣèré, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í rántí ẹni tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìbéèrè náà tọ́. Àmọ́ kí ilé iṣẹ́ kankan tó dáwọ́ lé e, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ibi tí ẹsẹ̀ tiwọn ti yẹ̀ gan-an ni tiwa náà yóò gbà.

Èyí tí mo tẹ̀ lé jù lọ nínú wọn ni On the Lot, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox gbé jáde ní ọdún 2007. Steven Spielberg àti Mark Burnett ló wà nídìí rẹ̀. Spielberg, olùdarí fíìmù tí òkìkí rẹ̀ kàn, kò nílò àlàyé. Burnett sì ni ẹni tó ti ṣe ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n bíi Survivor àti The Apprentice kí ó tó kan èyí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ṣe é. Àwọn tó fi fíìmù kékeré ránṣẹ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lé ní 12,000. Wọ́n ṣa 50 nínú wọn lọ sí Hollywood, wọ́n sì ṣèlérí pé ẹni tó bá borí yóò gba àdéhùn iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là pẹ̀lú DreamWorks, ilé iṣẹ́ tí Spielberg fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára púpọ̀. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ ìbò nígbà náà. Wọ́n fún olùdíje ní kókó ìtàn tí kò ju gbólóhùn kan lọ, wọ́n ní kó lọ rò ó di odindi ìtàn, kó sì wá dúró níwájú àwọn adájọ́ láti ṣàlàyé bí fíìmù náà yóò ṣe rí. Àwọn kan ṣàlàyé tiwọn tó fi dà bí ẹni pé a ti ń wò ó; àwọn mìíràn dé iwájú àwọn adájọ́, ọ̀rọ̀ sì pòórá mọ́ wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín àwọn tó kù sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ pé kí wọ́n jọ ṣe fíìmù kékeré kan láàárín àkókò péréte. Ta ni yóò darí? Ta ni yóò di kámẹ́rà mú? Ta ni yóò gé e, tí yóò sì tò ó? Ibẹ̀ ni a ti rí ẹni tó lè mú kí ènìyàn mẹ́ta fi ojú kan ṣoṣo wo nǹkan, a sì rí ẹni tó gbọ́n gan-an ṣùgbọ́n tí kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá ti dé lókéṣàn, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, rí mọ̀ pé èyí gan-an ni olórí iṣẹ́ olùdarí, àti pé mímọ kámẹ́rà lò kò tó ìdajì rẹ̀.

Nígbà tó di pé ó ku 18 nínú àwọn olùdíje ni nǹkan yí padà. Wọ́n kó gbogbo wọn wọ inú gbọ̀ngàn tó kún fún iná àti àtẹ́wọ́. Wọn yóò fi fíìmù tí kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ hàn, àwọn adájọ́, Carrie Fisher tó jẹ́ òṣèré àti Garry Marshall tó jẹ́ olùdarí fíìmù, yóò sọ tẹnu wọn pẹ̀lú olùdarí kan tí wọ́n pè wá ṣe àlejò, àwọn òǹwòran yóò sì dìbò. Bí ẹ bá rántí pé Fox yìí kan náà ló ń gbé American Idol jáde nígbà náà, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ bẹ̀rẹ̀ On the Lot ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún lẹ́yìn ìdíje akọrin náà gan-an, ẹ ó rí i pé aṣọ akọrin ni wọ́n bọ̀ sí olùdarí fíìmù lọ́rùn, kò sì bá a mu. Àwọn òǹwòran ń dín kù. Ìpàdé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti máa fi kéde ẹni tí ìbò lé lọ kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pa á tì, wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ni Will Bigham borí, láti ọjọ́ náà ni ètò yìí kò sì ti padà sórí afẹ́fẹ́ mọ́.

Àwọn kan ní òǹwòran Amẹ́ríkà kò fẹ́ràn fíìmù kékeré ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú wa ni akọrin ti ń ṣiṣẹ́: bí ohùn rẹ̀ bá já, gbogbo wa la jọ gbọ́ ọ. Olùdarí ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí a tó rí ohunkóhun. Nígbà tí fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́ta bá wá dé ojú wa tí kò dùn, báwo ni ẹni tó jókòó sílé ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé eré ni kò dára, tàbí òṣèré ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí ilẹ̀ ló ṣú mọ́ wọn, tàbí olùdarí gan-an ni kò mọ ibi tó yẹ kí kámẹ́rà wà? Kò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá pa á lẹ́rìn-ín tàbí ẹni tó bá yọ nǹkan àìròtẹ́lẹ̀ sí i ní ìparí ni yóò dìbò fún. Fisher, tó jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ òṣèré, wọ́n sábà máa ń pè é láti wá tún ìwé eré àwọn ẹlòmíràn ṣe, ìbá ti kọ́ wa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn bíi mélòó kan ni wọ́n máa ń jẹ́ kó sọ kí àtẹ́wọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìdíje òṣèré kò ní irú ìṣòro yìí, a sì ti rí i nílé. Nígbà tí Amstel Malta Box Office gbé Azizat Sadiq jáde, tí ó sì tún gbé OC Ukeje jáde lẹ́yìn rẹ̀, ojú wa ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀ ṣá o: Izu Ojukwu, tó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fa fíìmù àwọn méjèèjì lé lọ́wọ́. Òṣèré tuntun ni wọ́n ń wá, wọn kò dán olùdarí tuntun wò.

Ètò kejì tí mo fẹ́ kí àwọn tó lówó lọ́wọ́ wò ni Project Greenlight, èyí tí àwọn òṣèré Ben Affleck àti Matt Damon wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n HBO ní ọdún 2001. Níbẹ̀, wọ́n ti yan ẹnì kan ṣoṣo kí ìtàn tó wọra, wọ́n sì fi kámẹ́rà tẹ̀ lé e láti ọjọ́ tó ti ń wá òṣèré títí dé ọjọ́ tí wọ́n gé fíìmù rẹ̀ tán. Ẹni àkọ́kọ́, Pete Jones, ti ṣiṣẹ́ adójútòfò rí. A rí i bí ó ṣe ń bá àwọn tó ní owó lọ́wọ́ fa ọ̀rọ̀, bí àkókò ṣe ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe dúró tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó kàn. Ní ọdún 2015, Jason Mann, olùdarí tí wọ́n yàn lọ́dún náà, fárí gá pé fíìmù àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fọ̀ kí àwòrán tó jáde, ni òun fẹ́ lò, pé òun kò fẹ́ kámẹ́rà ìgbàlódé. Effie Brown, tó ń bójú tó iye tí wọ́n ń ná àti ọjọ́ tí wọ́n ní, ń ṣàlàyé ohun tí ìyẹn yóò gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá wo àríyànjiyàn yẹn dáadáa ti lóye iṣẹ́ fíìmù ju ẹni tó fi gbogbo oṣù dìbò lọ. Àwọn tó ṣe ètò náà fẹ́ràn ìjà ju bó ṣe yẹ lọ, n kò ní ṣàìsọ ọ́, àwọn fíìmù tó sì ti inú rẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí. Síbẹ̀, òun ni èmi yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù lọ nípa On the Lot kò ṣẹlẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n rárá. Adam Stein wà lára àwọn olùdíje, ṣùgbọ́n kò borí. Wọ́n ti yọ Zach Lipovsky kúrò kí ó tó dé ìparí. Inú ìdíje yẹn ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn, wọ́n sì wá di alájọṣe. Fíìmù wọn kan, Freaks, wà ní àjọ̀dún fíìmù Toronto ní ọdún 2018. Nígbà tí wọ́n ń wá iṣẹ́ dídarí fíìmù Final Destination Bloodlines, wọ́n ń bá àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe é sọ̀rọ̀ lórí Zoom, wọ́n sì dá ọgbọ́n kan: fáànù òkè àjà já wálẹ̀, ó sì gé ọ̀kan nínú wọn lórí lójú àwọn aláṣẹ! Ẹ̀tàn ni o, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ náà, fíìmù ọ̀hún sì pa ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ káàkiri àgbáyé ní ọdún 2025. Bí a ṣe ń dúró níwájú aláṣẹ tí a ó fi mú un rí fíìmù tí a kò tíì ṣe ni ìdíje náà fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, òun náà ni wọ́n ṣe yìí. Shalini Kantayya náà wà lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò. Òun ló wá ṣe Coded Bias, tó kọ́kọ́ hàn ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní ọdún 2020, nípa bí ẹ̀rọ tó ń dá ojú ènìyàn mọ̀ ṣe ń ṣàṣìṣe lórí ojú àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìbò kò rí gbogbo ìwọ̀nyí, tẹlifíṣọ̀n náà kò sì wá wọn. Ẹni tí wọn yóò lé lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fi ìṣẹ́jú ka.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ wa bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n mú olùdíje díẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní àkókò púpọ̀. Kí wọ́n fún gbogbo wọn ní ìwé eré kan náà, olójú ewé kan péré, àti àwọn òṣèré kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí a wà níbẹ̀ láti ìgbà tí olùdarí ti ń ka ìwé náà títí tí yóò fi gé fíìmù rẹ̀ tán. Nígbà náà ni ìyá àgbà tó ń wò ó nílé yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu òṣèré kan náà lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lọ́wọ́ olùdarí kan, kó sì pa á lẹ́kún lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri bíi ti Hubert Ogunde fi kọ́ni ni èyí sún mọ́, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń wo bí ọ̀gá ṣe ń to eré títí òun náà yóò fi mọ̀ ọ́n tò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni mo fi sílẹ̀ di ìparí. Àdéhùn tí DreamWorks ṣèlérí jẹ́ owó láti fi gbèrò fíìmù; kò sọ ọ́ di dandan pé fíìmù kankan yóò dé sinimá. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ yín, Olóòtú, ni pé nígbàkígbà tí onígbọ̀wọ́ kan bá pe àwọn akọ̀ròyìn yín jọ láti kéde irú ìdíje yìí, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè méjì kí wọ́n tó kọ ìròyìn rẹ̀: ṣé wọn yóò ṣe fíìmù ẹni tó bá borí tán, kí wọ́n sì gbé e jáde fún aráyé wò, àti pé ta ni yóò ni gbogbo fíìmù kékeré tí àwọn ọmọ wa bá fi ránṣẹ́, títí kan ti àwọn tí wọn kò mú?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Òṣogbo.