Àkànní, Má Tíì Ta Kẹ̀kẹ́ Yẹn

Ọ̀yọ́,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Àwọn ọmọ ń kí ọ, ìyá wọn náà ní kí n bá òun kí ìyàwó wa dáadáa. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin kó o wá gbàgbé ìdajì. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ nìyẹn.

O ní ó pé ọ̀sẹ̀ méjì tó o ti padà sórí kẹ̀kẹ́, pé ojoojúmọ́ lo fi ń ti Peckham, ní London níbẹ̀, lọ síbi iṣẹ́, pé ìdí ń ro ọ́ débi pé àga ọ́fíìsì pàápàá ti di ìyà, o sì ti ń wá ẹni tó máa rà á. Jọ̀ọ́, má tíì tà á. Ohun tó ń ṣe ọ́ yẹn ṣe mí lọ́dún tó kọjá, ó sì ti lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfaradà ló lé e lọ. Ìrora kan wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn fara dà, òmíràn wà tí kò yẹ kéèyàn fara dà rárá, èmi ò sì mọ èwo ni èwo nígbà yẹn.

Ṣé o rántí bá a ṣe máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Awẹ́ nígbà tá a wà ní girama, tá a máa lọ tá a máa bọ̀, tí nǹkan kan ò ní ṣe wá? Nígbà tí dókítà sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa lo ara, ara ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn ni mo rò pé mo ṣì ní. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ jíǹsì, mo forí lé ọ̀nà Fìdítì. Kí n tó dé Ìlóra, mo ti ń yí ìdí sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí mo padà délé, mi ò lè jókòó jẹun. Ibi tí ojú rírán jíǹsì ti pàdé lábẹ́ itan mi ti bó, ó pọ́n bí epo. Omi tí mo fi wẹ̀ ta mí títí mo fi di ògiri mú. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mi ò fi gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Nígbà tí mo máa padà, mo ra ìbòrí fóòmù kan tí wọ́n ń fi wọ ìjókòó, ó nípọn, ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá burú sí i, torí abẹ́ mi níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kú tììrì.

Ẹni tó là mí lójú kì í gun kẹ̀kẹ́. O rántí kẹ̀kẹ́ Bàbá mi, Raleigh dúdú yẹn. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ṣì wà nílé, etí rẹ̀ kan ló ya. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ awọ níbí, kó bá mi rán an. Bàbá náà gbé e sí oòrùn, ó ń yí i wò, ó wá fi àtàǹpàkò méjèèjì sórí awọ náà lápá ẹ̀yìn. Wọ́n wọlé síbẹ̀ bí ẹni fi ìka tẹ iyán. Ihò méjì tí kò jìn ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ojú wọn ń dán ju ibi yòókù lọ. Ó ní, “Ṣé o rí i? Bàbá rẹ nìyí.” Àkànní, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Awọ líle ni ìjókòó yẹn, kò sí fóòmù kankan lábẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì nìkan ni. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni Bàbá ń jókòó lé lọ sóko ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé, mi ò sì gbọ́ kó sọ pé ìdí ń ro òun rí.

Mo wá sọ tèmi fún bàbá oníṣẹ́ awọ yìí. Òun ló máa ń rán gàárì ẹṣin nígbà kan. Ó ní gàárì tí kò bá bá ẹ̀yìn ẹṣin mu, bó o kó àpò òwú ogún sínú rẹ̀, á dá egbò sí i lẹ́yìn. Ó ní tìmùtìmù dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó gbafẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, egungun ló gbọ́dọ̀ rí ibi dúró lé, kì í ṣe ẹran.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Egungun méjì kan wà nísàlẹ̀ ìdí, àwọn la fi ń jókòó. Tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ bá fẹ̀ tó láti gbé àwọn méjèèjì dúró, ìwúwo rẹ wà lórí egungun. Tí kò bá fẹ̀ tó, tàbí tó rọ̀ jù tí egungun fi rì sínú rẹ̀, ẹran àárín ni ìwúwo náà máa bọ́ sí. Ibẹ̀ sì ni iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ojú ara gbà kọjá. Ohun tó fà á nìyẹn tí fóòmù mi fi sọ abẹ́ mi di òkú.

Nítorí náà, wá páálí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Gbé e sórí àga líle, wọ ṣòkòtò fẹ́lẹ́, jókòó lé e, gbé orúnkún sókè díẹ̀, kó o tẹ̀ síwájú. Dìde, kó o fi ọwọ́ wá ojú ibi méjèèjì tó tẹ̀, kó o fi rúlà wọn àárín sí àárín. Tèmi jẹ́ sẹ́ńtímítà 12. Mo fi bíi méjì sí mẹ́ta lé e, mo wá ìjókòó tó fẹ̀ tó 15 lẹ́yìn, tó le díẹ̀, tí wọ́n dá ihò sí láàárín. Tòkúnbọ̀ ni mo rà. Láti ọjọ́ yẹn, kíkú tììrì yẹn ò padà wá.

Kó o tó náwó, wo bí ìjókòó tìrẹ ṣe ga tó ná. Fara ti ògiri, jókòó sórí kẹ̀kẹ́, fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì, kó o tì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí rẹ ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tó o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Tó bá ga jù, ìbàdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́, yíyí yẹn ló ń bó èèyàn lára. Tó bá relẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ò ní bá ìdí rù nínú ẹrù náà. Èyí ni tèmi, torí mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa kan ilẹ̀ tí mo bá dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbé e sókè. Kí orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí imú rẹ̀ bá wo òkè, á máa gún ọ níwájú.

Ti aṣọ ńkọ́? Ra ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù fẹ́lẹ́ lábẹ́, kó o má sì wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé á kọ́kọ́ ṣe ọ́ bákan, ṣùgbọ́n ojú rírán pátá ló máa ń ha èèyàn, òógùn á sì wọ ibẹ̀. Ra méjì, torí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fífọ̀ ní gbogbo ìgbà tó o bá wọ̀ ọ́, oòrùn yín ò sì lè tètè gbẹ ẹ́. Tó o bá ti dé ibi iṣẹ́, bọ́ ọ kíá, má fi òógùn jókòó. Fi òrí pa abẹ́ itan kó o tó gbéra. Mo ti ra òrí gidi fún ọ ní ọjà Akẹ̀sán, èyí tí kò ní àdàlù. Àbúrò mi tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ á mú un dé.

Má gùn ún lójoojúmọ́ báyìí. Gùn ún lọ́jọ́ kan, wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì. Tó o bá ń lọ, dìde dúró lórí pẹ́dàlì ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, àti níbikíbi tó bá ti ní gálọ́ọ̀pù. Jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀.

Ìrora inú egungun méjì yẹn, èyí tó dà bí ẹni jókòó sórí òkúta, òun ni kó o fara dà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara á mọ̀ ọ́n lára, á lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí awọ bá bó, sinmi títí á fi jinná. Òrí kọ́ ni oògùn egbò. Tí eéwo bá yọ, má tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń wú, tó ń gbóná, tí ibà sì bá a wá, dókítà ni kó o lọ bá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí abẹ́ bá sì kú tììrì, sọ̀ kalẹ̀, má sọ pé o fẹ́ dé ibi iṣẹ́ ná. Tó bá ń pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ dókítà ni ìyẹn náà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ilé yín, egbò kì í tètè jinná lára ẹni tó bá ní in. Ṣé o ti yẹ ara rẹ wò lọ́dún yìí? Dá mi lóhùn lórí ìyẹn, má fò ó.

Ìjókòó Bàbá wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ti rán etí rẹ̀. Mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́ mi lọ́jọ́ kan, mo rò pé á bá mi mu torí pé ọmọ rẹ̀ ni mí. Kò bá mi mu. Sẹ́ńtímítà 10 ló wà láàárín ihò méjèèjì yẹn. Mo ti fi òrí pa awọ rẹ̀, ara ògiri ni mo máa gbé e kọ́.

Jókòó lórí páálí yẹn lónìí, kó o fi iye sẹ́ńtímítà tìrẹ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Àlàó.